Ọba Òkè Inú Pálọ̀

Akọ̀wé báńkì kan ń làágùn bí ẹni òjò pa lórí kẹ̀kẹ́ tó fi irin dè mọ́lẹ̀ ní pálọ̀. Ọ̀la ni ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn lórí òkè; ó ti fá irun ẹsẹ̀ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà dá a dúró.

"Dádì, ẹ sún kí n gbálẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Sún kẹ̀? Ṣé o ò rí i pé òkè kẹta ni mo wà ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọba òkè! Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé e síta kí aráyé wò yín."

Wọ́n tú irin, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sójú títì. Àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹ́dà, ṣùgbọ́n èkejì lẹ̀ mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́.

Ó fa ìyàwó rẹ̀ mọ́ra, ó wí fún un létí pé: "Jọ̀ọ́, dì mí mú. Mi ò gun èyí tó ń rìn rí."