Ọ̀kẹ́tẹ́ àti Dòdò Ẹkùn

Àlọ́ mi jáde wẹ́rẹ́, ó bà lé Ọ̀kẹ́tẹ́, tí àwọn ẹranko oko yàn ṣe aṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ Ẹkùn ọba. Ẹkùn ti gba odò wọn. Ìrì ni àwọn ọmọ oko ń lá. Òfin ọba sì ni pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ òun mì ti fara mọ́ ọ̀rọ̀ òun. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe aṣojú rí, ó jẹ dòdò, ó dákẹ́. Ehoro náà jẹ, ó sanra, ó dákẹ́.

Ìyàwó Ọ̀kẹ́tẹ́ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹnu tó jẹ dòdò kì í sọ òdodo o."

Ọ̀kẹ́tẹ́ dé ilé ìgbìmọ̀, wọ́n gbé dòdò wá fún un. Ó kó o sẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó kó o sẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kò gbé nǹkan kan mì.

Ẹkùn rẹ́rìn-ín. "Ará oko, ó dùn àbí? Odò di tèmi nìyẹn."

Ọ̀kẹ́tẹ́ tu gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú ìgbìmọ̀. "Kábíyèsí, dòdò yín rèé. Òdodo ló kù lẹ́nu mi: ẹ dá odò wa padà."

Òfin ọba ló mú ọba: aṣojú oko kò gbé oúnjẹ rẹ̀ mì, kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọba sì dá odò padà. Bí Ọ̀kẹ́tẹ́ ti ń bọ̀, orin ni àwọn ará oko fi pàdé rẹ̀:

Ọ̀kẹ́tẹ́ ò jẹ dòdò,
*Òdodo, òdodo.*
Odò wa ti dé o,
*Òdodo, òdodo.*

Títí ó fi hu ewú, òun ni wọ́n ń yàn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á jẹ ohun tí yóò di wá lẹ́nu.