Ọ̀gá Ojú Òfurufú

"Wọn ò tíì bí olè tó máa dá mi lọ́nà lójú òfurufú!" Onígbàjámọ̀ ń fọ́nnu nídìí géèmù orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ti fi oníbàárà sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ìdajì irun. Góòlù tó fi oṣù mẹ́ta kó jọ kún ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ nínú géèmù náà, èbúté ti dé tán.

Olè kan kọ̀wé sí i: "Kó ẹrù sílẹ̀."

"Bàbá ẹ ló máa kó o sílẹ̀!"

Gbòlà! Ọkọ̀ fọ́ yángá.

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ó ká aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn sókè: kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí itan rẹ̀, géèmù kan náà ló wà lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ẹ fi irun mi sílẹ̀ pẹ́ jù ni."

Onígbàjámọ̀ na abẹ sí i. "Dá ọkọ̀ mi padà!"

Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín ọkọ̀ tuntun nínú géèmù yẹn."