Èébú Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọdún 1991 la wà. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá, ní ká kọ àròkọ lórí èébú, ká sì sọ ibi tá a ti rí i.

Mo tú gbogbo láíbìrì Àpápá. Oríkì kún ibẹ̀ bámú. Èébú kankan ò sí.

Inú bí mi. Mo gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi l'Ámùkòkò, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síwájú ti màmá arúgbó kan.

Ni màmá bá da èébú bò mí! Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo sì ń há a sórí.

Ní kíláàsì, mo kà á sókè: "Olórí rògòdò bí ìkòkò ìrẹsì ìsọmọlórúkọ!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Sàfíátù, ó ga o! Ta ló sọ ọ́?"

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá yín ni, sà."

Ẹ̀rín dá.

Akpos pariwo lẹ́yìn: "Chai! She don yab Tíṣà!"

Tíṣà fa pàṣán yọ. "Ìyá mi lo wá ń bú?"

"Rárá o, sà! Mi ò tíì kà á tán ni. Wọ́n ní, 'bíi ti Ìyàndá ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà, tí kì í wá pọnmi fún mi!'"