Ojú Tí Safiyat Gbé Lọ Ya Fọ́tò

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà o, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ojú yín kì í gba gbogbo nǹkan.

1. Ní ọdún 1974, Safiyat, ìyá Gàní, ń ta òrí ní Ṣàngó, n'Ílọrin. Nǹkan kékeré ló máa ń mú ojú rẹ̀ wú. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé: "Òrí ni kí o máa fi pa ojú. Bí o bá rí nǹkan tuntun, kọ́kọ́ fi pa apá, kí o dúró di ọjọ́ kejì." Ó gbọ́ràn fún ogójì ọdún, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Àfi ìgbà tí Ọlọ́hun gbọ́ àdúrà ọdún mẹ́sàn-án, tí orúkọ rẹ̀ jáde fún Mẹ́kà. Ó ku fọ́tò ìwé ìrìnnà. Safiyat ní ojú olóòrí kò yẹ Àlhájà, ojú òun gbọ́dọ̀ pọ́n!

2. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà, ó gún ata ilẹ̀, ó pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú. Àríkẹ́, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sí Mẹ́kà, bá a níbẹ̀.

"Ìyá Gàní, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ se ni? Ẹ kọ́kọ́ fi pa apá ná."

"Ṣé apá ni wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò? Ohun tí Ọlọ́hun dá ni gbogbo ẹ̀, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?"

Ó kùn ún, ó jókòó sínú oòrùn kó lè gbẹ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn!" Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ohun tó ń jóni là ń pè ní iṣẹ́?

Kó tó di àkókò ìrun Àsárì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú bí àkàrà inú epo. Ojú ọ̀tún ti padé pátápátá.

3. "Màmá, ẹ jẹ́ kí wíwú yìí wálẹ̀ ná," ni Àbdùlgàfárù tó ń ya fọ́tò wí.

"Ọ̀la ni wọ́n ń gba ìwé kẹ́yìn. Yà á bẹ́ẹ̀!"

Ó yà á. Safiyat sá padà sídìí òrí rẹ̀, nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wíwú ojú ti wálẹ̀. Ó rò pé ó tán.

4. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò wo fọ́tò, ó wo Safiyat.

"Ìyá, ìwé ta lẹ gbé wá yìí?"

"Wàláhì, èmi ni!"

Safiyat fẹ́ atẹ́gùn kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó di ojú ọ̀tún, ó ní kí wọ́n tún wo òun dáadáa. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó kọjá. Kó tó lọ ya òmíràn dé, bàálù ti gbéra. Safiyat jókòó lórí ẹrù rẹ̀, ó sunkún kíkorò. Ó dùn mí o, ọdún mẹ́sàn-án! Àwọn ará Ṣàngó sì sọ ọ́ ní Àlhájà Ẹnu Géètì.

5. Nígbà tí Àríkẹ́ dé láti Mẹ́kà, ó bu omi sámúsámù, omi mímọ́ tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, fún un. Tayọ̀tayọ̀ ni Safiyat bù ú sọ́wọ́, ó fẹ́ fi bọ́jú. Àríkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá Gàní, ẹ kọ́kọ́ fi pa apá ná."

Safiyat ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ta omi náà sápá. Ó sì dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ ṣọ́ra o! Pé nǹkan jẹ́ ewé tàbí èso kò ní kó má jóni. Ata pàápàá, èso ni. Èyí tó bá ojú yín mu, ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín tó ń po nǹkan pọ̀ lọ́wọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.