Gbogbo Ẹgbẹ́ Tí Mo Bá Wọ̀

Ẹ bá mi yọ̀ o, ìfẹ́ ń lé mi kiri Òṣogbo!

Nínú ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kárí ayé tí mo wà, ẹgbẹ́ kéékèèké pọ̀ níbẹ̀. Kálukú ń wọ èyí tó wù ú.

Mo wọ ti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, Ayọ̀ḿpọ̀sí, ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, náà wọ̀ ọ́. Kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn! Ẹsẹ̀ ló fi ń sáré tẹ̀ lé wa láti Old Garage.

Mo wọ ti àwọn tó ń wo ẹyẹ. Gbogbo èèyàn ń wòkè, èmi ni Ayọ̀ḿpọ̀sí ń wò.

Mo wọ ti àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ó rí abẹ́rẹ́, ó dákú. Bó ṣe lajú báyìí, orúkọ mi ló kọ́kọ́ pè.

Àṣé ọjọ́ tó gbé ìyán wá sí ìpàdé láti Iléṣà, tó ní kí n máa gbé èyí tó kù lọ sílé, ọkàn rẹ̀ ló gbé lé mi lọ́wọ́.

Lónìí, níbi tá a ti ń gbin igi, ó wá lóṣòó síwájú mi.



"Salmah, òṣómàáló ni bàbá mi àgbà. Tó bá ti lóṣòó síwájú èèyàn, kì í dìde àfi tó bá gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀."

"Kí lo fẹ́ gbà, olólùfẹ́ mi? Ọkàn mi?"

"Kúlà tó o fi gbé ìyán lọ. Màmá mi ló ni ín. Wọn ò fún mi lóúnjẹ mọ́!"

Kúlà ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi.

Mi ò dá a padà o.

Ẹgbẹ́ àwọn òmùwẹ̀ ni mò ń wọ̀ lọ́la.