Ti Orí Òkè Àbí Ti Etí Odò

"Ọmọ mi, wo abẹ́ apá rẹ̀ dáadáa," ni bàbá arúgbó náà wí. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tó ti ń wá béèrè lọ́wọ́ obìnrin onímọ̀ kòkòrò kan bóyá ẹ̀yà orí òkè ni labalábá inú àpótí òun àbí ẹ̀yà etí odò.

Obìnrin náà tún ka àwọn àmì fàdákà tó wà lábẹ́ apá labalábá náà. "Mi ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà, Bàbá. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

"Kò burú. Ta ló kúkú ń dúró dè mí nílé?"

Bàbá fi àpótí sílẹ̀, ó lọ. Obìnrin náà yí àpótí padà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, bàbá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ tipẹ́tipẹ́: "Ti etí odò."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lobìnrin náà ti kà á. Ó mú kàlẹ́ńdà rẹ̀ tó ṣófo, ó sì kọ "Bàbá" sí gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó ṣẹ́kù.