Ológbò Màmá Ògúnlàdé àti Ààwẹ̀ Jabez

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá jù ú sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá tí ẹ bá ní ẹran ọ̀sìn nílé, tàbí tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn kí wọ́n máa pè é ní ẹni mímọ́.

1.
Jabez Gbọ́ládé ni mò ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Joju, ní Sango-Ọ̀tà, ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ ọ́físì ní yunifásítì ìjọ kan ló gbé e wá síbí. Kò pẹ́ tó dé tó ti di olórí àwọn ọ́ṣà, àwọn tó ń fi èrò jókòó, ní ìjọ àdúgbò. Ẹ kí i ní "Ẹ káàárọ̀", ẹsẹ Bíbélì ni yóò fi dá yín lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un.

Màmá Lucy Ògúnlàdé, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Jabez, ní ológbò kan tó ń jẹ́ Súúrù. Màmá kò ní ẹlòmíràn nínú ilé. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ rẹ̀ sì ní kó wá sí Ìlọrin kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un, kó sì lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó gbé Súúrù fún Jabez àti ìyàwó rẹ̀, Bùkúnmi, ìyá Ànú, pẹ̀lú páálí ẹja ṣáwá kan tí wọ́n gbé sínú fìrísà.

"Jabez ọmọ mi, ẹ máa bá mi bọ ẹja díẹ̀ fún un, kí ẹ yọ egungun rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní iyọ̀, kò gbọdọ̀ ní àlùbọ́sà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹran adìẹ tàbí ẹ̀dọ̀ díẹ̀, àti omi tó mọ́. Mílíìkì kì í bá a lára mu. Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí n dé, kí n fi ojú ara mi rí i."

"Ẹ fọkàn yín balẹ̀, mà. Bí ọmọ la ó ṣe tọ́jú rẹ̀."

2.
Kò pẹ́ tí ìjọ fi kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ: kò sí ẹran, kò sí ẹja, ẹ̀fọ́ àti èso nìkan. Jabez rò ó pé gbogbo ìjọ ló máa gba ààwẹ̀ yìí. Kí ni yóò wá mú tirẹ̀ yàtọ̀? Ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ológbò.

"Bùkúnmi, láti òní lọ, ológbò yìí náà ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀."

"Ológbò kẹ̀? Daddy Ànú, ẹja ló ń jẹ."

"Ní Nínéfè, ènìyàn àti ẹranko ló gbààwẹ̀. Ṣé ìwọ gbọ́n ju ọba Nínéfè lọ ni? Ẹran yẹn gan-an ló ń gbé ẹ̀mí àjẹ́ wọ ológbò. Lọ kárọ́ọ̀tì fún un, ó dára fún ojú."

Ẹ wo ẹni tó kàwé. Kò bi ara rẹ̀ pé ṣé oṣù lórí oṣù ni ẹran Nínéfè fi gbààwẹ̀.

Súúrù kọ́kọ́ kọ oúnjẹ náà. Nígbà tí ebi pa á dójú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá kárọ́ọ̀tì tí wọ́n pò mọ́ ìrẹsì àti mílíìkì. Ni Jabez bá gba gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ológbò ilé mi ti di àtúnbí. Kò mọ adùn ẹran mọ́." Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ààwẹ̀ parí, oníkálukú padà sídìí ẹran, àmọ́ ta ló máa gba àtẹ́wọ́ padà lọ́wọ́ Jabez? Ó ní kí Súúrù máa bá a lọ.

Ẹ ò bi mí pé ẹja ṣáwá dà? Inú ọbẹ̀ Jabez ló parí sí. Ológbò ń jẹ kárọ́ọ̀tì, àtúnbí ń jẹ ẹja ológbò. Kò tijú.

3.
Oṣù ń gorí oṣù. Irun Súúrù ń re, egungun ìhà rẹ̀ yọ síta. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ẹsẹ̀ àga.

"Daddy Ànú, ẹ jọ̀ọ́, ológbò yìí kò ríran mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Oju Ore."

"Ó jinlẹ̀ nínú ẹ̀mí ni. Àwọn tó jinlẹ̀ kì í wo ilẹ̀."

Ọkàn Jabez mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n Sunday ìdúpẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pásítọ̀ sì ti ní kó gbé ológbò náà wá kí ìjọ rí i.

Ní ọjọ́ náà, ó gbé àwo ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí pẹpẹ níwájú ìjọ, ó gbé àwo kárọ́ọ̀tì sí ìkejì. Ó gbé Súúrù sáàárín. Imú Súúrù gbọ́ òórùn ẹja. Ó sáré, ó forí sọ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ṣubú láti orí àtẹ̀gùn pẹpẹ, síbẹ̀ ó ń wọ́ kiri, ó ń fi imú wá ẹja náà nílẹ̀.

"Súúrù."

Màmá Ògúnlàdé ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti Ìlọrin dé, tí wọ́n sọ fún un pé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé ológbò rẹ̀ lọ. Súúrù gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gbé orí sókè, ibòmíràn ló kọjú sí.

4.
Dókítà Ọláṣùpọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní Oju Ore. "Mà, ológbò kì í ṣe ewúrẹ́. Inú ẹran àti ẹja ni ojú rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ ti ń rí ohun tó ń gbé wọn ró. Kárọ́ọ̀tì tó ń ṣe ojú wa lóore, kò lè ṣe é fún tirẹ̀. A ó gbìyànjú kó má kú. Ojú náà ti lọ."

Jabez dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ìgbàgbọ́ ni mo fi ṣe é."

Màmá gbé Súúrù mọ́ àyà. "Wọ́n ti la ojú mi, Jabez. Èyí ni ohun tí o fi pàdé mi."

Kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìjọ gba ipò ọ́ṣà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún un mọ́ ní Joju. Ó tọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra. Ẹja, ẹran àti omi ni kí ẹ fún ológbò, kí ẹ sì béèrè ìyókù lọ́wọ́ dókítà ẹran. Ẹ má fi ẹnu ẹranko tí kò lè sọ̀rọ̀ wá ògo fún ara yín. Tí ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀, àwo tiyín ni kí ẹ gbé kúrò nílẹ̀. Ẹ fi ti ológbò sílẹ̀.